Ta ló gbé àkàbà náà síbẹ̀? Ilé, ogun àti ọrọ̀ ní Amẹ́ríkà

 

Mo ní bọ̀dá kan ní Maryland tí kì í yé sọ pé, "Ní Amẹ́ríkà, tó o bá ṣiṣẹ́, wàá jẹun. Ọ̀lẹ nìkan ló ń tòṣì níbí." Tó bá wá kan àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n bí síbẹ̀, ó máa ń ní àwọn ni ò fẹ́ ṣiṣẹ́. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, torí bọ̀dá mi ṣiṣẹ́ lóòótọ́: ó ń wa tasí lóru, ó ń lọ sílé ìwé lọ́sàn-án. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí ló jẹ́ kí n tún un rò.

Ọdún 1944 ni. Ogun Àgbáyé Kejì ò tíì parí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti ń ba àwọn aṣòfin ní Washington. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 16 ọmọ Amẹ́ríkà ló wọṣẹ́ ogun náà. Tí wọ́n bá padà dé, kí ni wọ́n fẹ́ máa jẹ? Wọn ò tíì gbàgbé ọdún 1932, nígbà tí àwọn tó ja ogun àkọ́kọ́ pàgọ́ sí Washington láti béèrè owó tí ìjọba ṣèlérí fún wọn, tí ìjọba fi ṣọ́jà lé wọn dànù. Nítorí náà, ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà, Ààrẹ Roosevelt buwọ́ lu òfin tí wọ́n ń pè ní GI Bill.

Òfin yìí ga o. Ìjọba á san owó ilé ìwé tó 500 dọ́là lọ́dún fún ẹni tó jagun, ìyẹn sì ká owó Harvard pàápàá nígbà náà. Ẹni tí kò tíì ríṣẹ́ á gba 20 dọ́là lọ́sẹ̀. Tó bá fẹ́ yáwó ra ilé ní báńkì, ìjọba á ṣe onídùúró fún un.

Ní 1947, ọ̀gbẹ́ni William Levitt bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé sórí oko pòtétò kan ní Long Island, nítòsí New York. Ilé tó kọ́ ju 17,000 lọ, wọ́n sì sọ ibẹ̀ ní Levittown. Ní 1949, 7,990 dọ́là ni wọ́n ń ta ọ̀kan, ẹni tó jagun kò sì ní láti san nǹkan kan sílẹ̀ kó tó wọlé. Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú ilé yẹn ju 500,000 dọ́là lọ.

Ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn ilé náà sọ ọ́ kedere pé ẹni tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun kò gbọ́dọ̀ gbé ibẹ̀, àfi tó bá jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: o lè fọ abọ́ níbẹ̀, o ò lè sùn níbẹ̀ bí onílé. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ Levitt nìkan. Láti àwọn ọdún 1930 ni iléeṣẹ́ ìjọba ti ya máàpù àwọn ìlú ńlá, tí wọ́n fi pupa kun àdúgbò tí wọ́n ní ó léwu láti yáni lówó níbẹ̀. Ibi tí aláwọ̀ dúdú ń gbé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé pupa ni gbogbo rẹ̀.

Òfin GI Bill fúnra rẹ̀ ò dárúkọ àwọ̀ kankan. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé báńkì àdúgbò ló máa sọ "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́". Ní Mississippi, níbi tí aláwọ̀ dúdú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ará ìlú, iye ẹ̀yáwó tí wọ́n fún àwọn tó jagun ní 1947 jẹ́ 3,229. Ẹ mọ iye tó kan aláwọ̀ dúdú? Méjì.

Mi ò sọ pé aláwọ̀ funfun tó ra ilé ní Levittown kò ṣiṣẹ́ o. Ó jagun, ó ń jí lọ síbi iṣẹ́ ní ìdájí. Ṣùgbọ́n ilé náà ń gbówó lórí bó ṣe ń sùn. Òun ló fi rán ọmọ lọ sí yunifásítì láìjẹ gbèsè, òun náà lọmọ jogún. Ọmọ yẹn á wá sọ pé òógùn ojú òun lòun jẹ. Kò parọ́, ṣùgbọ́n àkàbà kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ tí wọ́n gbé kúrò fún ṣọ́jà kejì tí wọ́n jọ padà dé.

Ọdún 1968 ni òfin tó wá ka irú ìwà yìí léèwọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ilé. Ọdún 1965 ni wọ́n yí òfin ìwọ̀lú padà, tí àwọn oníwèé-ẹ̀rí láti ilẹ̀ wa fi rí ọ̀nà wọlé dáadáa. Ìjà tí àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ jà ló ṣí ilẹ̀kùn wọ̀nyẹn, kí bọ̀dá mi tó gbé báàgì dé.

Mo pè é lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ní, "Bọ̀dá mi, ọdún wo lẹ dé Amẹ́ríkà?" Ó ní 1984. Mo ní, "Tó bá jẹ́ 1954 lẹ dé ńkọ́?" Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Àdúgbò tí mo wà yìí? Wọn ò ní tà á fún mi."

Tí ẹ bá ní bọ̀dá tàbí àǹtí tó ti lọ tipẹ́, ẹ bi wọ́n ní ọdún tí wọ́n dé àti àdúgbò tí wọ́n kọ́kọ́ gbé, kí ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.