Ajílẹ̀ láti ara ìdọ̀tí oko àti ọjà ní Ìbàdàn

Ajílẹ̀ ìdọ̀tí oko ni ajílẹ̀ tí wọ́n ń fi ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ìkórè, lẹ́yìn ẹran pípa àti lẹ́yìn oúnjẹ ṣíṣe pò: èèpo ẹ̀gẹ́, háhá àti pòpòrò àgbàdo, èèpo kòkó, ìgbẹ́ adìyẹ àti ti màlúù. Wọ́n á jẹrà pọ̀ di ìlẹ̀dú. Ní Ìbàdàn, ọjà Bódìjà ni wọ́n mọ iṣẹ́ yìí mọ́ jù, nítorí ibẹ̀ ni ọjà oúnjẹ, ọjà pákó àti odò ẹran ti fara kanra tẹ́lẹ̀.

Ìpilẹ̀ṣẹ̀

Kí fatiláísà tó dé, ṣe ni àgbẹ̀ ń fi ilẹ̀ tó ti ṣá sílẹ̀ kó sinmi fún ọdún mélòó kan. Ààtàn ẹ̀yìnkùlé nìkan ni kì í sinmi: ojoojúmọ́ ni eérú àti èèpo iṣu ń bọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí ẹ̀fọ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ibẹ̀ fi ń tutù yọ̀yọ̀.

Láti 1922 títí di 1951, àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn ní ọgbà ìwádìí Moor Plantation ní Ìbàdàn dán ọ̀nà mìíràn wò. Wọ́n ń gbin mùkúnà, ìbátan wèrèpè, wọ́n sì ń ro ó mọ́lẹ̀ kó lè bọ́ ilẹ̀. Àṣà náà kò ràn láàrin àwọn àgbẹ̀, nítorí ó ń gba ilẹ̀ àti agbára láìmú oúnjẹ wálé. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ Bódìjà

Ní àwọn ọdún 1990, ètò Sustainable Ibadan Project, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ràn lọ́wọ́, kó àwọn ará ọjà, ìjọba àti àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ìbàdàn jọ lórí ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí. Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ Pacesetter, ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, bẹ̀rẹ̀ nínú ọjà Bódìjà. M.K.C. Sridhar, onímọ̀ ìmọ́tótó àyíká, àti G.O. Adéoyè, onímọ̀ ọ̀gbìn, wà lára àwọn tí ìwádìí wọn gbé e ró. Oríṣi méjì ni ajílẹ̀ náà: èyí tí wọ́n fi fatiláísà yúríà kún, àti èyí tí wọn kò fi nǹkan kan kún.

Ní 2005, ètò Cows to Kilowatts, tí Joseph Adelegan léwájú rẹ̀, gba ẹ̀bùn àgbáyé SEED. Èrò rẹ̀ ni pé kí ìdọ̀tí odò ẹran Bódìjà jẹrà nínú táǹkì tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀: gáàsì á jáde fún ìdáná, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó bá kù á di ajílẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Ohun gbígbẹ, bíi pòpòrò àti lẹ́búlẹ́bú pákó, ní kábọ́ọ̀nù púpọ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ àti ẹ̀jẹ̀ ẹran ní náítírójìn. Kòkòrò tí ojú kò rí ló ń jẹ méjèèjì, iṣẹ́ wọn sì ń yá nígbà tí kábọ́ọ̀nù bá tó ìlọ́po 25 sí 30 náítírójìn. Bí èèyàn bá da lẹ́búlẹ́bú pákó nìkan sóko, àwọn kòkòrò náà á fa náítírójìn inú ilẹ̀ mu, ewé àgbàdo á sì máa pọ́n.

Láàrin ọjọ́ díẹ̀, òkìtì náà á gbóná tó ìwọ̀n 55 sí 65 Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Ooru yìí ló ń pa èso èpò àti kòkòrò àrùn. Wọ́n á máa yí i kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́, wọ́n á sì máa wọ́n omi sí i. Bí a bá fún un lọ́wọ́, kí ọwọ́ tutù, kí omi má kán. Lẹ́yìn oṣù méjì sí mẹ́ta, òórùn burúkú á ti lọ. Bí ilẹ̀ lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ ni yóò máa rùn.

Ohun kọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù ń jó irúgbìn. Oró inú èèpo ẹ̀gẹ́ ń lọ bó ṣe ń jẹrà. Pọ̀táṣíọ́ọ̀mù pọ̀ nínú èèpo kòkó, ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi ń fi eérú rẹ̀ ṣe ọṣẹ dúdú; ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dà á sídìí igi kòkó láìjẹrà, ó lè tan àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú kálẹ̀.

Àǹfààní àti ìdíwọ́

Ajílẹ̀ yìí ń jẹ́ kí ilẹ̀ di omi mú, ó sì ń bọ́ irúgbìn díẹ̀díẹ̀. Ìwúwo ni ìṣòro rẹ̀. Náítírójìn kílò 23 ló wà nínú àpò yúríà 50 kílò. Bí náítírójìn ajílẹ̀ ìdọ̀tí bá jẹ́ 2 nínú 100, ó gbọ́dọ̀ ju tọ́ọ̀nù kan lọ kó tó bá àpò kan ṣoṣo dọ́gba, owó ọkọ̀ sì lè gbé èrè mì. Nítorí náà, àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ etí odò nínú ìlú ló súnmọ́ àǹfààní rẹ̀ jù.

Ìdíwọ́ kejì ni ibi tí ohun èlò wà. Ní 2018, ìjọba ní kí àwọn alápatà Bódìjà kó lọ sí odò ẹran Amósùn ní Akínyẹlé. Ibi tí màlúù bá lọ, ìgbẹ́ rẹ̀ ń bá a lọ.

Ìkẹta ni ọ̀rá, ìgò àti bátìrì, tí kì í jẹrà tàbí tí ń ba ilẹ̀ jẹ́. Bí wọ́n bá ti dà pọ̀ mọ́ èèpo, ṣíṣà wọn ń gba agbára ju pípo ajílẹ̀ gan-an lọ. Ìdí ìsọ̀, lọ́wọ́ ẹni tó ń bó ẹ̀gẹ́, ni ajílẹ̀ rere ti ń bẹ̀rẹ̀.