Ìdì, Ìgbáralé àti Àdéhùn: Ìtàn Wàhálà Ìfisórí-ẹ̀rọ àti Ìgbéga lórí Sáfà Linux láti Ọdún 1991 sí 2025

1.0 Ìfáárà

Sáfà ni kọ̀ǹpútà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa dá àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn lóhùn. Òun ni ó ń gba lẹ́tà tí ó sì ń fi í ránṣẹ́, òun ni ó ń ṣírò owó ní báǹkì, òun náà ni ó ń pa àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn mọ́ ní ilé ìwòsàn. Bí ó bá kọ̀ láti jí lẹ́yìn tí a ti gbé ètò rẹ̀ ga sí ẹ̀dà tuntun, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹ̀rọ nìkan mọ́. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, alábòójútó sáfà ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń dójú sọ. Wọn a ní kò mọ iṣẹ́, tàbí pé ó kánjú.

Iṣẹ́ yìí kò gba èrò yìí wọlé pátápátá. Òtítọ́ ni pé alábòójútó lè ṣe àṣìṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ìtàn Linux láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, yóò hàn gbangba pé ọ̀pọ̀ wàhálà ìfisórí-ẹ̀rọ àti ìgbéga ni ó wáyé nítorí àdéhùn tí ó yẹ̀ láàrin àwọn apá ètò tí ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe. Ohun tí a óò rí nínú ìtàn náà ni bí àdéhùn wọ̀nyí ṣe ṣí kúrò ní ibi kan dé òmíràn: láti orí díísìkì, dé inú orúkọ ètò, títí tí ó fi di ọ̀rọ̀ ìlérí láàrin ènìyàn àti ènìyàn. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí àdéhùn wà kò lè mọ ibi tí ó ti yẹ̀.

2.0 Ètò tí kò ní oníṣẹ́ kan ṣoṣo

Ní ọjọ́ 25, oṣù kẹjọ, ọdún 1991, Linus Torvalds, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Fíńláǹdì, kéde fún àwọn tí ń lo ètò Minix pé òun ń ṣe ètò olùdarí kọ̀ǹpútà kan. Kernel nìkan ni ohun tí ó ṣe, èyí tí í ṣe apá tí ń bá ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn irinṣẹ́ tí ènìyàn fi ń lo kernel náà wá láti inú iṣẹ́ GNU, tí Richard Stallman ti kéde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1983. Láti ìpìlẹ̀, nígbà náà, kò sí ẹnì kan tàbí ilé-iṣẹ́ kan tí gbogbo ètò náà ti ọwọ́ rẹ̀ jáde.

Ẹni tí ó bá fẹ́ lo Linux ní ìgbà náà ní láti kó àwọn apá wọ̀nyí jọ fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1992 ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í bá aráyé kó wọn jọ sórí àwọn díísìkì pẹlẹbẹ. MCC Interim Linux jáde láti Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Peter MacDonald sì mú SLS jáde. SLS tàn kálẹ̀, ṣùgbọ́n àléébù rẹ̀ pọ̀. Ohun tí ó yẹ kí a kíyèsí ni pé àléébù SLS yìí gan-an ni ó bí àwọn ẹ̀yà Linux méjì tí wọ́n pẹ́ jù lọ tí wọ́n sì wà títí di òní. Patrick Volkerding tún SLS ṣe, ó sì pè é ní Slackware ní oṣù keje, ọdún 1993. Ian Murdock kò tilẹ̀ fẹ́ tún un ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ Debian láti ilẹ̀, ó sì kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 16, oṣù kẹjọ, ọdún kan náà. Ẹ̀yà méjèèjì jẹ́ ìdáhùn sí wàhálà ìfisórí-ẹ̀rọ kí wọ́n tó di ohunkóhun mìíràn.

3.0 Àdéhùn orí díísìkì: lẹ́tà mẹ́rin LILO

Wàhálà tí àwọn alábòójútó ìgbà náà kọ́kọ́ mọ̀ dáadáa ni ti ètò tí ń jí ẹ̀rọ. LILO, tí Werner Almesberger kọ, ni ọ̀pọ̀ ń lò. LILO kò lè ka fáìlì. Ohun tí ó ń ṣe ni pé, nígbà tí a bá pàṣẹ fún un, yóò kọ ojúlé kernel sílẹ̀, èyíinì ni ibi gan-an tí ó wà lórí díísìkì. Nígbà tí a bá tan ẹ̀rọ, ojúlé yìí ni yóò tẹ̀lé láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí alábòójútó bá wá fi kernel tuntun rọ́pò ti àtijọ́ tí kò sì pàṣẹ fún LILO láti tún ojúlé kọ, ẹ̀rọ yóò lọ sí ilé tí onílé ti kó kúrò níbẹ̀.

Wàhálà kejì jẹ́ ti BIOS, ètò tí ó ti wà nínú ẹ̀rọ kí Linux tó dé. BIOS àtijọ́ kò lè ka ohun tí ó bá kọjá sílíńdà 1024 lórí díísìkì. Bí díísìkì ṣe ń tóbi sí i, ó ṣeé ṣe kí kernel tuntun bọ́ sí ìkọjá ààlà yìí, bí ti àtijọ́ tilẹ̀ wà nínú ààlà. Ìgbéga tí ó yọrí sí rere lánàá lè kùnà lónìí, láìjẹ́ pé alábòójútó yí ohunkóhun padà nínú ìṣe rẹ̀. Ibi yìí ni àṣà yíya apá kékeré sọ́tọ̀ ní iwájú díísìkì fún kernel ti rẹsẹ̀ múlẹ̀.

Síbẹ̀, LILO fi ẹ̀kọ́ ńlá kan sílẹ̀. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ ni ó ń tẹ orúkọ ara rẹ̀ jáde ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Bí LI nìkan bá hàn, apá kejì rẹ̀ ti wọlé ṣùgbọ́n kò lè ṣiṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ LIL, apá kejì ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ìwé ojúlé kà. Bí lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá pé, ọ̀nà là. Ẹni tí ó mọ ìtumọ̀ lẹ́tà wọ̀nyí kò ní máa tú gbogbo ẹ̀rọ palẹ̀. Ó mọ ibi tí ìrìn dé kí ó tó dúró. GRUB, tí ó gba ipò LILO lẹ́yìn náà, lè ka fáìlì fúnra rẹ̀, ìyẹn ni wàhálà ojúlé ṣe dínkù.

4.0 Àdéhùn inú orúkọ: àkójọ àjọlò àti ìdì

Púpọ̀ nínú àwọn ètò orí Linux kì í dá gbogbo iṣẹ́ wọn ṣe. Wọ́n ń yá iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn àkójọ àjọlò, tí libc jẹ́ olórí wọn. Bí àkójọ kan bá yí ọ̀nà ìṣe rẹ̀ padà, gbogbo ètò tí ó gbára lé e lè dákẹ́. Ọgbọ́n tí a dá sí i ni pé kí àdéhùn wà nínú orúkọ àkójọ náà: tí àdéhùn bá yí padà, kí nọ́ńbà tí ó wà nínú orúkọ yí padà. Bí libc.so.5 àti libc.so.6 ṣe lè gbé orí ẹ̀rọ kan náà nìyẹn.

Ìyípadà láti 5 sí 6 ni ó dán ọgbọ́n yìí wò jù. Red Hat Linux 5.0 gbà á ní oṣù kejìlá, ọdún 1997, Debian 2.0 gbà á ní oṣù keje, ọdún 1998. Ewu ibẹ̀ ni pé àwọn irinṣẹ́ tí a fi ń ṣe ìgbéga, títí kan bash àti dpkg, wà lára ohun tí a ń gbé ga. Bí iṣẹ́ bá dúró lágbede méjì, irinṣẹ́ àtúnṣe fúnra rẹ̀ ti bàjẹ́. Nítorí náà ni Debian ṣe pín ètò kékeré kan tí a pè ní autoup.sh fún àwọn ènìyàn, kí ó lè máa gbé ìdì kọ̀ọ̀kan wọlé gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ kí wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Ètò kan ṣoṣo ni ìyàtọ̀ láàrin sáfà tí ó yè àti èyí tí ó kú: ètò ìtẹ̀léra.

Ìdì ni a ń pe ètò tí a dì pọ̀ mọ́ àkọsílẹ̀ ohun tí ó gbára lé. Ian Jackson ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí dpkg fún Debian ní ọdún 1994. Red Hat mú RPM wá ní ọdún 1995. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ìgbáralé nìkan kò tó. Ìdì A yóò ní òun ń fẹ́ B, B yóò ní òun ń fẹ́ C, C yóò sì kọ A tí ó wà níbẹ̀. Alábòójútó ni yóò máa sáré kiri láti wá wọn. APT, tí ó bá Debian 2.1 jáde ní ọdún 1999, gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ènìyàn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni yum jáde láti Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà fún àwọn tí ń lo RPM.

Irinṣẹ́ wọ̀nyí pẹ̀lú ní ohun tí wọ́n gbára lé. Python ni a fi kọ yum. Ọ̀pọ̀ alábòójútó tí ètò kan ń béèrè Python tuntun lọ́wọ́ wọn ni ó fi tuntun rọ́pò ti àtijọ́, tí yum sì kú lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìtàn yum kò ní rò ó láé pé ohun tí òun ṣe ni ó fà á.

5.0 Nígbà tí orúkọ fúnra rẹ̀ yí padà

Láti nǹkan bí ọdún 2007, díísìkì tí a ń pè ní hda bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ sda, nítorí apá kernel tí ń bójú tó wọn ti yàtọ̀. Sáfà tí ìwé ètò rẹ̀ ṣì ń wá hda kò rí díísìkì tirẹ̀ mọ́. Láti ọdún 2013, systemd mú ìlànà tuntun wá fún orúkọ ẹnu-ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì: eth0 lè di enp3s0. Èrò rere ni ó bí ìlànà náà, nítorí pé nọ́ńbà eth lè pààrọ̀ ara wọn láti ìgbà dé ìgbà tí ẹ̀rọ bá jí. Ṣùgbọ́n sáfà tí ó wà ní ìlú òkèèrè, tí a kọ eth0 sínú ìwé ètò rẹ̀, lè jí dáadáa lẹ́yìn ìgbéga kí ẹnikẹ́ni má sì lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ kò kú. Orúkọ ni kò bá ohun tí a ń pè mu mọ́.

Àríyànjiyàn lórí systemd fúnra rẹ̀ fi hàn pé irú ìyípadà báyìí ti kọjá iṣẹ́ ọwọ́. Nígbà tí Debian 8 gbà á ní oṣù kẹrin, ọdún 2015, àwọn kan ti yapa láti dá Devuan sílẹ̀.

6.0 Nígbà tí àdéhùn di ti ènìyàn

Àpẹẹrẹ tí ó lágbára jù lọ ni ti CentOS, ẹ̀yà ọ̀fẹ́ tí a ń ṣe láti inú Red Hat Enterprise Linux. CentOS 8 jáde ní oṣù kẹsàn-án, ọdún 2019, ìrètí sì ni pé ìtọ́jú rẹ̀ yóò dé ọdún 2029. Ní ọjọ́ 8, oṣù kejìlá, ọdún 2020, a kéde pé ìtọ́jú náà yóò parí ní òpin ọdún 2021. Láti ìparí oṣù kìíní, ọdún 2022, a kó àwọn ìdì rẹ̀ kúrò ní ibi tí ẹ̀rọ ti ń wá wọn lọ sí ibi ìpamọ́. Sáfà tí ó ti ń ṣiṣẹ́ láìsí àléébù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òun kò rí ojúlé kankan. Alábòójútó lè yẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò, kí ó yẹ díísìkì wò, kò ní rí ohun tí ó bàjẹ́, nítorí kò sí ohun tí ó bàjẹ́ níbẹ̀. Ìlérí ni ó yẹ̀. AlmaLinux àti Rocky Linux dìde ní ọdún 2021 láti dí àlàfo náà, ẹ̀yà méjèèjì sì pèsè ètò tí ń sọ CentOS di tiwọn láìtún ẹ̀rọ fi sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan lè sọ pé wàhálà yìí ti di ohun àná. Láti ìgbà tí Docker ti jáde ní ọdún 2013, wọ́n ní kò sí ìdí láti tún sáfà ṣe mọ́. Kí a da ti àtijọ́ nù kí a ṣe òmíràn. Àwọn àgbà ti sọ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ní ọdún 2022 kan náà, àwọn tí ń ṣe sáfà tuntun láti inú àwòrán CentOS 8 nínú Docker bá àṣìṣe kan náà pàdé. Orí tuntun ni wọ́n gbé wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbáralé àtijọ́ wà nínú rẹ̀.

7.0 Ẹ̀kọ́ fún ìwádìí àléébù

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìbéèrè tí ìtàn yìí fi kọ́ni láti kọ́kọ́ béèrè ni pé: kí ni ó yí padà, ta ni ó yí i padà, kí ni ó sì gbára lé e? Ní oṣù keje, ọdún 2020, àwọn sáfà Red Hat àti CentOS kan kọ̀ láti jí lẹ́yìn tí wọ́n gba àtúnṣe ààbò fún GRUB. Àwọn tí ó ka àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ rí ìdì tí ó wọlé kẹ́yìn, wọ́n dá a padà sí ẹ̀dà àtijọ́, ẹ̀rọ sì jí. Ìdí kan náà ni Debian ṣe ń kìlọ̀ pé kí a ka ìwé àlàyé ẹ̀dà tuntun kí a tó ṣe ìgbéga, kí a má sì fo ẹ̀dà kan kọjá: àdéhùn ẹ̀dà sí ẹ̀dà tí ó tẹ̀lé e nìkan ni àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ dán wò.

8.0 Ìkádìí

Nígbà tí Debian 13 jáde ní oṣù kẹjọ, ọdún 2025, orúkọ ọ̀pọ̀ àkójọ àjọlò inú rẹ̀ ti gba àfikún t64. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀nà àtijọ́ tí àwọn ẹ̀rọ kan fi ń ka àkókò yóò kún ní ọjọ́ 19, oṣù kìíní, ọdún 2038. Àdéhùn yí padà, orúkọ sì yí padà, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí fún libc ní ọdún 1998. Ọgbọ́n náà kò tíì gbó. Ohun tí ó ṣòro láti kọ sínú orúkọ ìdì ni ìlérí àwọn tí ń ṣe é. Nítorí náà, kí a tó dá alábòójútó lẹ́bi fún sáfà tí ó dákẹ́, ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè àdéhùn tí ó yẹ̀, àti bóyá ẹnikẹ́ni ti sọ fún un pé àdéhùn náà wà.