Peugeot Inú Fíìmù Dé Kakuri

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Faransé ló mú un wá: àwòkọ kékeré ti Peugeot 406 funfun inú fíìmù Taxi, èyí tí wọ́n yà ní Marseille, tó jáde ní 1998. Wọ́n pín ọkọ̀ gidi sọ́nà 18, wọ́n sì fi ìdá kan ṣe é. Ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 25. Nínú fíìmù, tí awakọ̀ bá tẹ bọ́tìnnì, apá ńlá kan á yọ lẹ́yìn ọkọ̀. Apá náà ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Iṣẹ́ ọwọ́ ni lóòótọ́, àmọ́ táyà rẹ̀ ti mọ́ jù. Tákísì wo ló ń mọ́ tó bẹ́ẹ̀?

Àwa ọmọ Kakuri ní Kaduna kì í ṣe àlejò Peugeot. Ní 1972 ni ìjọba àpapọ̀ àti Peugeot ti Faransé tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn. Ní 1975, láyé Ọ̀gágun Gowon, iléeṣẹ́ Peugeot Automobile Nigeria (PAN) bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kaduna. Ẹ̀yà ọkọ̀ á ti òkè òkun dé nínú àpótí, wọ́n á jó o pọ̀, wọ́n á kùn ún, wọ́n á de ẹ́ńjìnnì mọ́ ọn. Ní 1983, Faransé ò ṣe Peugeot 504 saloon mọ́. Kaduna ṣì ń tò ó títí wọ àwọn ọdún 2000. Kódà, wọ́n to 406 níbí.

Agolo mílíìkì làwa fi ń ṣe Peugeot tiwa lọ́mọdé, sílípáàsì tó ti já ni táyà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ọkọ̀ àfipamọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣe 504 ti Kaduna, kẹ́ ẹ sì kọ PAN sí i nídìí.