Ìbọn Òyìnbó Lọ́wọ́ Alágbẹ̀dẹ Ìbàdàn

Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Liège ní Bẹ́ljíọ́mù ni wọ́n ti rọ ọ̀pọ̀ ìbọn ṣakabùlà tí Ìbàdàn fi jagun ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ọjà pọ́ọ́kú ni. Bí ọ̀pá irin bá fẹ́lẹ́ tí ẹtù sì pọ̀ jù, ìbọn a bẹ́ mọ́ ẹni tó yìn ín lọ́wọ́. Òfin ọdún 1813 dá ilé ìdánwò sílẹ̀ ní Birmingham, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹtù tó ju ìwọ̀n lọ yẹ ọ̀pá wò kí wọ́n tó lu èdìdì sí i.

Ọ̀nà Abẹ́òkúta, tí àdúgbò Àpáta wà lórí rẹ̀ lónìí, wà lára ọ̀nà tí ẹrù etíkun ń gbà wọ Ìbàdàn, bí Ẹ̀gbá kò bá tì í. Ta ni yóò wá dá ìbọn tó yọnu padà sí Birmingham? Alágbẹ̀dẹ ló ń tún irin rẹ̀ rọ.

Nígbà ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, Èkìtìparapọ̀, tó ń bá Ìbàdàn jà, gba ìbọn Snider láti Èkó. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ki í, ọta rẹ̀ kò sì rọrùn fún alágbẹ̀dẹ láti ṣe. Àdéhùn Brussels ti 1890 ka irú ìbọn ìgbàlódé bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ fún ọjà ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì fi ṣakabùlà sílẹ̀.