Gìtá Ni Kó Tẹ̀lé Olórin

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ṣé ẹ ti rí gìtá tí wọ́n ń tẹ́ sórí itan bí ọmọ tuntun rí? Kì í ṣe èyí tí a ń gbé kọ́rùn o. Èyí tí mo ń wí yìí, ojú òkè ló máa ń kọ sí. Ọwọ́ ọ̀tún á máa ta okùn, ọwọ́ òsì á máa fi irin dídán kan yọ̀ lórí àwọn okùn náà, ohùn rẹ̀ á sì máa fà bí ohùn ẹni tó ń sunkún tó tún ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n kan wà ládùúgbò wa tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Ìbejì. Láti ìgbà tó ti gbọ́ irú gìtá bẹ́ẹ̀ nínú àwo King Sunny Ade ni ìfẹ́ rẹ̀ ti wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tí mọ̀lẹ́bí rẹ̀ kan ti Amẹ́ríkà dé, tó sì gbé ọ̀kan wá fún un, ńṣe ni bàbá yìí ń jó káàkiri ilé. Kò mọ̀ pé ohun tí òun ń jó fún yìí fẹ́ẹ̀ dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti ìyàwó òun.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìyá Ìbejì ló ń dárin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ohùn rẹ̀ ga, ó sì mọ́ bí agogo. Gìtá ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Bí wọ́n ṣe máa ń yí okùn irú gìtá yẹn ni pé, bí èèyàn bá ta okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láìfi irin kàn wọ́n, dò mí sò, dò mí sò ni wọn yóò dún, lórí kíì G. Ìyá Ìbejì ní tirẹ̀, orí A ni orin ti máa ń bá a lára mu, nígbà mìíràn orí B. Kí ni Bàbá Ìbejì máa ń wí? "Ìyá Ìbejì, sọ ohùn ẹ kalẹ̀ díẹ̀." Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ń wí bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà sọ ohùn kalẹ̀ títí orin kò fi dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kan ó kàn dìde, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ máa bá gìtá yín kọ ọ́. Ọbẹ̀ mi wà lórí iná." Láti ọjọ́ náà, kò kọrin sí gìtá yẹn mọ́.

Ẹni tó mọ gìtá lè bi mí pé, ṣebí irin ló fi ń ta á, kí ló dé tí kò sún irin náà síwájú? Òótọ́ ni, ó lè sún un. Ṣùgbọ́n adùn gìtá yìí wà nínú àwọn okùn tí irin kò kàn. Bí irin bá ń yọ̀ lórí okùn kan, àwọn tó kù á máa dún lábẹ́ rẹ̀ bí ègbè. Bí orin bá ti kúrò lórí G, ègbè yẹn kò bá a mu mọ́; lílé á wà lọ́tọ̀, ègbè á wà lọ́tọ̀. Bí ó bá sì ní kí òun fa okùn le títí yóò fi bá ohùn ìyàwó òun, okùn á já. Méjì já lójú mi.

Oògùn rẹ̀ ni ohun kékeré kan tí àwọn onígìtá ń pè ní kápò. Orúkọ náà ti èdè Ítálì wá. Capotasto ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Wọ́n máa ń fi dábùú ọrùn gìtá, yóò di gbogbo okùn mú lójú kan, okùn á kúrú, ohùn á sì ga. Àwọn irin tín-ín-rín tó dábùú ọrùn gìtá, tí à ń pè ní fúrẹ́ẹ̀tì, ni a fi ń mọ ibi tí yóò wà. Bí kápò bá wà lórí fúrẹ́ẹ̀tì kejì, ohun tó jẹ́ G á di A. Bí ó bá wà lórí ìkẹrin, á di B. Kò sí pé à ń yí okùn, kò sí pé okùn ń já.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń fọwọ́ ara wọn ṣe é. Kápò àwọn olórin flamenco ní Spéènì kò ju igi pẹlẹbẹ kan lọ, awọ lábẹ́ rẹ̀, okùn kan, àti èèkàn kékeré tí wọ́n fi ń lọ́ okùn náà kó lè le. Ní 1850, James Ashborn tó ń ṣe gìtá ní ìpínlẹ̀ Connecticut, ní Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí kápò tirẹ̀. Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì, àwa kò mọ Ashborn rárá. Pẹ́ńsù kan, rọ́bà kan, ó parí! A ó fi pẹ́ńsù dábùú okùn, a ó fi rọ́bà dè é mọ́ ọrùn gìtá, orin yá.

Èmi ni mo fi ìgbéraga gbé pẹ́ńsù àti rọ́bà lọ bá Bàbá Ìbejì. Ojú tì mí lọ́jọ́ náà. Okùn gìtá rẹ̀ jìnnà sí ọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí ìka kékeré fi lè kọjá lábẹ́ rẹ̀. Bí mo ṣe fa rọ́bà le, okùn tẹ̀ kòlòbà, ohùn bàjẹ́ pátápátá. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí: ta ló gbé okùn gìtá sókè báyìí, kí ló sì rí lọ́bẹ̀?

Ìwádìí mi gbé mi dé Hawaii, àwọn erékùṣù tó wà láàárín òkun Pàsífíìkì. Ní nǹkan bí ọdún 1889, ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Joseph Kekuku, ọmọ ilé ìwé Kamehameha. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ó kọ́kọ́ fi òòyà àti ẹ̀yìn ọ̀bẹ yọ̀ lórí okùn gìtá, kí ó tó lọ rọ irin tirẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn níṣẹ́ irin nílé ìwé. Àwọn mìíràn ní ọmọ Íńdíà kan, Gabriel Davion, tí ọkọ̀ ojú omi gbé dé Hawaii, ló ṣáájú rẹ̀. N kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ohun tó dájú ni pé Kekuku gbé iṣẹ́ náà jáde. Ó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1904, ó sì tún ta á ní Yúróòpù. Ní 1915, wọ́n ṣe ìpàtẹ ńlá kan ní San Francisco. Orin Hawaii tí wọ́n gbọ́ níbẹ̀ kó sí àwọn ará Amẹ́ríkà lórí, oníkálukú bẹ̀rẹ̀ sí í wá gìtá tí yóò tẹ́ sórí itan.

Ibẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè mi wà. Bí okùn bá sún mọ́ ọrùn, irin á máa kọ lu fúrẹ́ẹ̀tì, ariwo ni yóò máa pa. Nítorí náà ni wọ́n ṣe gbé okùn sókè. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò tilẹ̀ ra gìtá tuntun: irin kékeré kan ni wọ́n há sábẹ́ okùn níbi orí ọrùn gìtá àtijọ́, okùn á sì gbéra sókè.

Ìṣòro kejì ni pé gìtá kò lóhùn tó. Kò tíì sí gìtá oníná nígbà náà, bí fèrè àti ìlù bá ti dún, a kì í gbọ́ gìtá mọ́. Olórin kan tó ń jẹ́ George Beauchamp lọ bá John Dopyera ní Los Angeles, ọmọ Slovakia tó ń ṣe ohun èlò orin. Ohun tí Dopyera ṣe ni pé ó gbé abọ́ alumíníọ́mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta sínú gìtá onírin, okùn á máa mi abọ́ náà, abọ́ á sì máa gbé ohùn jáde bíi gbohùngbohùn rédíò. Gìtá yìí ni wọ́n ń pè ní resonator. Ní 1927 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ National sílẹ̀ fún un. Àjọṣe wọn kò pẹ́. Ní 1928, Dopyera àti àwọn arákùnrin rẹ̀ dá tiwọn sílẹ̀, wọ́n pè é ní Dobro. "Dopyera brothers" ni wọ́n gé kúrú bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì tún túmọ̀ sí ohun tó dára ní èdè wọn. Abọ́ ẹyọ kan ló wà nínú Dobro, irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ bí aláǹtakùn ló sì ń gbé ìmìtìtì okùn dé ibi abọ́ náà. Irú rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ Bàbá Ìbejì.

Àwọn olórin blues bíi Tampa Red, Son House àti Bukka White náà ta resonator, àmọ́ wọ́n sábà máa ń gbé tiwọn sáyà bíi gìtá gbogbo ayé, wọ́n sì lè fi ìka tẹ okùn mọ́ ọrùn. Kápò lásán tó irú gìtá bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń tẹ́ ẹ sórí itan ni ọ̀ràn kàn. Ní 1939, Bashful Brother Oswald darapọ̀ mọ́ Roy Acuff. Ní 1955, Josh Graves gbé Dobro wọ inú ẹgbẹ́ Lester Flatt àti Earl Scruggs. Orin bluegrass tí Graves ń bá wọn kọ yẹn, ohùn òkè ni àwọn olórin rẹ̀ fẹ́ràn, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ lórí B. Oníbáńjò á gbé kápò sí i, onígìtá á gbé kápò sí i. Onídobro ńkọ́? Àfi kó wá irú kápò mìíràn.

Àṣírí irú kápò náà nìyí: kì í tẹ okùn mọ́ ọrùn rárá. Ńṣe ló ń há okùn sáàárín, nǹkan kan lókè, nǹkan kan nísàlẹ̀, wọ́n á sì fún ara wọn pọ̀. Orí okùn ló ń gbé, kì í kan igi.

Bí mo ṣe ṣàlàyé èyí fún Bàbá Ìbejì, ó ní, "Àbúrò, ìyẹn ò le. Dìde ká lọ." Ó di ọ̀dọ̀ wẹ́dà. A gé ọ̀pá idẹ kékeré kan tí gígùn rẹ̀ tó fífẹ̀ ọrùn gìtá, ìyẹn ni tòkè. A gé irin pẹlẹbẹ kan, ìyẹn ni tìsàlẹ̀. A lu ihò sí àárín àwọn méjèèjì, a ki bóòtì tín-ín-rín bọ̀ ọ́. Àárín okùn kẹta àti ìkẹrin ni bóòtì náà ń gbà kọjá, a sì fi nọ́ọ̀tì oníyẹ̀ẹ́ ségè lókè, èyí tí a lè fi ọwọ́ lásán yí.

Èyí àkọ́kọ́ kò ṣiṣẹ́. Irin lókè, irin nísàlẹ̀: ó di àwọn okùn tó nípọn mú, àwọn tó tín-ín-rín ń jó nínú rẹ̀ bí ẹni tó wọ ẹ̀wù ẹlẹ́wù. Mo ronú kan awọ tó máa ń wà lábẹ́ kápò àwọn ará Spéènì. A gé tíúbù kẹ̀kẹ́, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin ìsàlẹ̀. Rọ́bà gba okùn ńlá, ó gba kékeré. Idẹ tó wà lókè kò rọ̀, nítorí náà ohùn okùn kò kú.

Èyí kejì dì wọ́n mú, ṣùgbọ́n orin ṣì ń ta kòró. Ìdí ni pé mo gbé e sí ẹ̀yìn fúrẹ́ẹ̀tì, bí a ti máa ń ṣe pẹ̀lú pẹ́ńsù. Àṣìṣe ni! Okùn yìí kò kan fúrẹ́ẹ̀tì, kápò fúnra rẹ̀ ló di fúrẹ́ẹ̀tì. Ó gbọ́dọ̀ wà lókè ìlà náà gan-an. Bí ó bá wọ́ díẹ̀ sápá kan, okùn apá kan á ga ju tàpá kejì lọ. Bàbá Ìbejì di ojú kan, ó ń fi èkejì wò ó bí ọdẹ tó fẹ́ yìnbọn.

Ẹnì kan lè ní, ṣé Demola Adepoju náà ń lo kápò nínú ẹgbẹ́ King Sunny Ade ni? Rárá o. Gìtá tirẹ̀ ní pẹ́dà. Ẹsẹ̀ àti orúnkún ni wọ́n fi ń fa okùn rẹ̀ sókè sódò bí orin bá ṣe fẹ́. Bud Isaacs ló mú kí ayé gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ nínú àwo Webb Pierce tó jáde ní 1954. Nígbà tó di 1982, tí àwo Juju Music jáde, irin Adepoju ti ń bá dùndún sọ̀rọ̀. Ní 1986, Paul Simon gbé e sínú orin Graceland. Pẹ́dà, pẹ́ńsù, tíúbù kẹ̀kẹ́, iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe: kí ohun èlò lè gbọ́ràn sí orin lẹ́nu.

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ mi nìyẹn. Kekuku gbé irin, wọ́n gbé okùn sókè fún irin náà, Dopyera fi abọ́ sí i kí ohùn lè ròkè. Ní gbogbo ọ̀nà, èèyàn ló ń tún gìtá ṣe. Àwa ńkọ́? Ọdún mẹ́ta gbáko ni a fi ń tún èèyàn ṣe nítorí gìtá.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá Ìbejì jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó gbé kápò lé fúrẹ́ẹ̀tì kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta orin ìyìn kan tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ràn. Kò pè é o. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ a gbọ́ ohùn láti ilé ìdáná, ohùn tó ga, tó mọ́ bí agogo. Ó kọ ọ́ dé òpin kí ó tó yọjú sí wa, ṣíbí ọbẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo idẹ kékeré tó wà lórí okùn, ó wo ọkọ rẹ̀.

"Ohun tí kò ju báyìí lọ náà lẹ fi ní kí n sọ ohùn kalẹ̀ láti ọdún mẹ́ta, Bàbá Ìbejì?"

Bàbá Ìbejì kò fèsì. Ó tú nọ́ọ̀tì, ó sún kápò náà sí fúrẹ́ẹ̀tì kẹrin, ó tún un dè, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ̀ẹ̀kan sí i."