Ẹ̀kọ́ Ààbò Lórí Fóònù fún Òṣìṣẹ́ Ilé Ìwòsàn ní Àkúrẹ́ àti Ìlú Oǹdó

Ẹ̀kọ́ ààbò lórí fóònù ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí òṣìṣẹ́ ń gbà lójú fóònù tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì, kí ó lè mọ bí yóò ṣe ṣiṣẹ́ rẹ̀ láìfarapa, láìkó àrùn. Ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ilé ìwòsàn ni ọ̀rọ̀ náà ti gbóná jù. Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ni ti Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn (UNIMED) ní ẹ̀ka ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó, tọ̀sán-tòru ni wọ́n sì ń gba aláìsàn. Àwọn òṣìṣẹ́ a máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Bí wọ́n bá pe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹni tó ṣiṣẹ́ mọ́jú ti lọ sùn, ẹni tó sì wà ní wọ́ọ̀dù kò lè fi aláìsàn sílẹ̀ wá jókòó. Fóònù lè dé ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n kò lè ṣe wọ́n láǹfààní tó yẹ àfi bí ilé iṣẹ́ bá yọ̀ǹda àkókò ẹ̀kọ́ náà, tí ẹnìkan sì wà nítòsí tí yóò wo ọwọ́ òṣìṣẹ́ bí ó ti ń ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ.

Ibà Lassa ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí le ní agbègbè náà. Eku kan tí ń wọ inú ilé ló ń gbé kòkòrò rẹ̀ kiri. Ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ àti èébì aláìsàn a sì máa kó o ran ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Ní 1969, Laura Wine, nọ́ọ̀sì ní ìlú Lassa ní àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà, ṣàìsàn, wọ́n gbé e lọ sí Jos, ó kú. Charlotte Shaw, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀, kó o, òun náà kú. Ní 1970, Dókítà Jeanette Troup gé ara rẹ̀ lọ́wọ́ níbi tó ti ń yẹ òkú ẹni tí àrùn náà pa wò, òun náà kó o, ó sì kú. Lónìí, Oǹdó, Ẹdó àti Bauchi wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí àrùn náà ń bá jà jù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ sì ti di ojúkò ìtọ́jú rẹ̀. Bí ibà lásán ló ṣe ń bẹ̀rẹ̀: ara gbígbóná, orí fífọ́, àárẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó gba irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ wọlé ní aago méjì òru kò lè fojú dá a mọ̀. Ẹ̀kọ́ ti gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí aláìsàn tó dé.

Ẹ̀rí tó sún mọ́ wa jù pé irú ẹ̀kọ́ yìí wúlò wá láti ìgbà Ebola. Ní oṣù keje 2014, Patrick Sawyer gbé àrùn náà wọ Èkó láti Liberia. Dókítà Stella Adadevoh, tí kò gbà kí ó kúrò ní ilé ìwòsàn, wà lára àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó bá a lọ. Nítorí àjàkálẹ̀ náà, àwọn olùwádìí gbé ẹ̀kọ́ lórí Ebola sínú tábúlẹ́ẹ̀tì lọ sí ilé ìwòsàn 14 ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìwádìí Human Resources for Health ní 2016. Òṣìṣẹ́ 203 ló dáhùn ìbéèrè ṣáájú ẹ̀kọ́ àti lẹ́yìn rẹ̀. 185 nínú wọn jẹ́ obìnrin. Ìmọ̀ wọn fi ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún gbéra. Ṣùgbọ́n ẹ wo ti ọwọ́ fífọ̀: ìdá 95 ló ti fẹ́ máa ṣe é kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó di 97. Ti aṣọ ìdáàbòbò kúrò ní 94, ó di 97. Lójú tèmi, àwọn tó ń sọ pé òṣìṣẹ́ wa kò bìkítà ń purọ́ mọ́ wọn. Ìfẹ́ ti wà nílẹ̀. Ìmọ̀ ni kò pé, ìmọ̀ náà sì ni tábúlẹ́ẹ̀tì fi kún.

Alátakò yóò ní ìbéèrè lásán ni wọ́n fi wọn ọ̀rọ̀ náà, pé ẹnu lè mọ̀ kí ọwọ́ má mọ̀. Òótọ́ ni, àtakò yìí ló sì wúwo jù. Ìgbà tí a bá ń bọ́ ìbọ̀wọ́ àti aṣọ ìdáàbòbò ni ewu pọ̀ jù: ìta ìbọ̀wọ́ ti dọ̀tí, ọwọ́ lásán kò gbọdọ̀ kàn án, ńṣe ni a ó máa yí i sínú bí a ti ń fà á bọ́. Fídíò lè fi èyí hàn, ṣùgbọ́n kò lè rí i pé ìka ẹni tó ń wò ó ti kan ìta. Nítorí náà, kí fóònù kọ́ni ní ìdí àti ìlànà, kí nọ́ọ̀sì àgbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, títí kan ti òru, sì wo olúkúlùkù bí ó ṣe ń wọ̀ ọ́ àti bí ó ṣe ń bọ́ ọ. Àtakò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára fúyẹ́: ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti gbé sórí tábúlẹ́ẹ̀tì wọ́ọ̀dù kò nílò rẹ̀ mọ́.

Èyí tó ń kọ mí lóminú ni pé fóònù lè di ọ̀nà tí ọ̀gá fi ń gbé ẹrù rẹ̀ lé òṣìṣẹ́ lórí. Nọ́ọ̀sì délé lẹ́yìn iṣẹ́ òru, ẹ̀kọ́ ti wà lórí WhatsApp rẹ̀, dátà tirẹ̀ ni yóò fi wò ó, oorun tirẹ̀ ni yóò fi dí i. Ara tí kò sùn kì í di ẹ̀kọ́ mú, ó sì rọrùn fún un láti ṣèèṣì fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀. Àdéhùn 155 ti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, ti 1981, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí ní 1994, sọ ní abala 21 pé ètò ààbò kò gbọdọ̀ ná òṣìṣẹ́ ní kọ́bọ̀. Owó ni dátà. Àwọn alábòójútó yóò ní nọ́ọ̀sì kò tó, wọn kò sì parọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ti gba òkè òkun lọ. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan má ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, kókó kan ṣoṣo, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú rọ́sítà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ 21 tí wọ́n fi ń ṣọ́ òṣìṣẹ́ tó fara kan ẹ̀jẹ̀ aláìsàn Lassa láìwọ ìbọ̀wọ́.

Agbálẹ̀ ló kù. Òun ló ń kó aṣọ ibùsùn tí ẹ̀jẹ̀ ti bà jẹ́, òun ló ń gbé àpótí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò dànù, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tó le ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ wọ̀nyí. Kí wọ́n gba ohùn sílẹ̀ ní Yorùbá tí ará Àkúrẹ́ àti ará Oǹdó yóò gbọ́ yéké, kí ó máa sọ ìgbésẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn: ìbọ̀wọ́ tó nípọn, àpò tí a ó di aṣọ náà sí, ibi tí a ó gbé e lọ, ọwọ́ fífọ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì kan ní wọ́ọ̀dù tó fún èyí, bí wọ́n bá ti kọ orúkọ agbálẹ̀ òru mọ́ ti àwọn nọ́ọ̀sì nínú rọ́sítà ẹ̀kọ́.