Iṣẹ́ Ìwọ̀fà Kì Í Dín Ojú Owó

"Ẹni tí ó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje." Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí ní ayé ìgbà tí owó ẹyọ ni a ń ná. Ẹgbàafà jẹ́ 12,000 owó ẹyọ. Ẹgbèje kò ju 1,400 lọ. Ìtumọ̀ òwe náà ni pé ẹni tí a fi owó ńlá gbẹ́kẹ̀ lé, tí ó sì da ìgbẹ́kẹ̀lé náà, kò ní rí owó kékeré yá mọ́ ní ọjọ́ tí ìṣòro bá dé bá a. Ẹ ṣàkíyèsí pé òwe yìí kò ní kí ènìyàn má yá owó rárá. Àwọn baba wa mọ̀ pé ọjà kò lè gbòòrò láìsí àwìn, àti pé kò sí ẹni tí owó kì í tán lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà kan. Ohun tí wọ́n ń kọ́ wa ni pé kí á mọ irú gbèsè tí a ń jẹ, kí á sì mọ bí a ó ṣe san án. Ìtàn gbèsè ní ilẹ̀ wa àti ní ilẹ̀ òkèèrè ni mo fẹ́ fi ṣe àlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́.

Ní ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́, ẹni tí ọ̀ràn owó bá ká mọ́ a máa lọ yá owó lọ́wọ́ olówó, a sì fi ara rẹ̀, tàbí ọmọ rẹ̀, tàbí àbúrò rẹ̀, ṣe ìwọ̀fà. Òkú lè ṣẹlẹ̀ nínú ilé kí á má rí owó sin ín. A lè fẹ́ gbé ìyàwó. Ogun lè kó ará ilé ẹni, kí á sì máa wá owó tí a ó fi rà á padà. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní ọdún 1897, tí a sì tẹ ìwé náà jáde ní ọdún 1921, ṣàlàyé fún wa pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ọmọ baba rẹ̀ ni í ṣe síbẹ̀, onígbọ̀wọ́ a sì máa dúró fún un. Bí ìwọ̀fà bá jẹ́ àgbà, ilé ara rẹ̀ ni yóò máa gbé. Yóò lọ kọ ebè ní oko olówó rẹ̀ fún apá kan ọjọ́, ìyókù ọjọ́ a sì jẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọmọdé, ọ̀dọ̀ olówó ni yóò máa gbé, tí yóò máa ṣe iṣẹ́ tí wọ́n bá rán an.

Ẹ fi etí sílẹ̀ dáadáa, nítorí ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe kì í dín owó tí a yá kù rárá. Èlé ni iṣẹ́ náà dúró fún. Ojú owó wà ní ipò rẹ̀. Ẹni tí ó yá ẹgbàafà, tí ó ṣiṣẹ́ fún ọdún kan, ẹgbàafà ni yóò kà sílẹ̀ kí ó tó gba ara rẹ̀. Bí ó bá ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá, ẹgbàafà náà ni. Òjò pa á, oòrùn pa á, ebè tí ó kọ kò lóǹkà, síbẹ̀ gbèsè náà kò yẹ̀ kúrò ní ojú kan. Ọmọ tí ó wọ ilé olówó ní kékeré lè di géńdé níbẹ̀, bí baba rẹ̀ kò bá rí ojú owó san. Nítorí náà, ohun tí ó burú jù nínú ìwọ̀fà kì í ṣe líle iṣẹ́ náà. Ohun tí ó burú jù ni pé iṣẹ́ náà kò lópin.

Ẹni tí ó bá jẹ gbèsè tí ó kọ̀ láti san án, olówó rẹ̀ lè rán ológò sí i. Johnson kọ nípa àwọn ológò pẹ̀lú. Ológò a wọ ilé onígbèsè, a jókòó tì í, a máa pariwo, a máa bú wọn, adìẹ tàbí ewúrẹ́ tí ojú rẹ̀ bá tó ni yóò pa jẹ. Ìtìjú ni ohun ìjà rẹ̀. Kì í ṣe onígbèsè nìkan ni ojú ń tì. Gbogbo agbo ilé ni.

Láàárín ọdún 1920 sí 1940 ni òfin ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi òpin sí àṣà ìwọ̀fà, ṣùgbọ́n àwìn kò bá a lọ. Ní àkókò kan náà, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà ń ru aṣọ kiri láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń tà á láwìn, wọ́n sì ń padà wá gba owó wọn díẹ̀díẹ̀. Bí ọjọ́ bá pé tí owó kò jáde, oníṣòwò náà a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà oníbàárà rẹ̀, a sì ní òṣó ni òun yóò máa ló títí òun yóò fi gba owó òun. Ibẹ̀ ni a ti rí orúkọ náà, òṣómàáló. Àwọn ènìyàn a máa fi wọ́n ṣe ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: wọ́n fi ọjà lé ẹni tí kò ní owó lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan ni wọ́n sì gbà.

Èmi tí mo ń kọ̀wé yìí pàápàá ti sá fún olówó mi rí. Ní ọdún 1984, nígbà tí mo jẹ́ ọ̀dọ́ olùkọ́, baba mi kú. Mo fẹ́ kí ìsìnkú náà lórúkọ, mo sì ra aṣọ ẹbí láwìn lọ́wọ́ ìyá aláṣọ kan, pẹ̀lú ìlérí pé n ó san owó rẹ̀ tán ní oṣù mẹ́ta. Owó oṣù wa kò wá ní àkókò. Oṣù kan di méjì, méjì di mẹ́rin. Dípò kí n lọ bá ìyá náà, ẹ̀yìnkùlé ni mo ń gbà lọ sí ilé-ìwé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin sì wà ní kíláàsì mi. Ọmọ náà kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí ó bá nawọ́ láti dáhùn ìbéèrè, ẹlòmíràn ni mo máa ń pè, nítorí n kò lè wo ojú rẹ̀. Ní ọjọ́ kan mo ṣàkíyèsí pé kò nawọ́ mọ́. Ọ̀ràn náà gún mi lọ́kàn. Gbèsè tí mo jẹ ìyá, ọmọ ni ó ń san án! Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo lọ sí ilé wọn, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì sọ iye tí agbára mi ká láti máa san ní oṣooṣù. Ìyá náà wò mí títí, ó ní, "Tíṣà, ẹ dìde. Owó tí ẹ kò rí san kò dùn mí tó bí ẹ ṣe ń sá fún mi. Bí ẹ bá ti wá bá mi láti oṣù kìíní, ǹ bá ti gbà fún yín." Oṣù mẹ́jọ ni mo fi san án tán. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé sísá kì í ṣe sísan.

Ìyá aláṣọ mọ ilé mi. Òṣómàáló mọ ojú oníbàárà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, irú àwìn kan ti yọ nínú èyí tí olówó kò ní láti mọ ojú ẹni rárá. Ní ọdún 1950, ilé-iṣẹ́ Diners Club bẹ̀rẹ̀ ní New York pẹ̀lú káàdì tí ènìyàn lè fi jẹun ní ilé oúnjẹ, kí ó sì san gbogbo owó náà ní òpin oṣù. Ní oṣù September ọdún 1958, báǹkì tí a ń pè ní Bank of America fi káàdì tirẹ̀, BankAmericard, ránṣẹ́ sí 60,000 ènìyàn ní ìlú Fresno, ní ìpínlẹ̀ California. Wọn kò bèèrè fún un. Inú lẹ́tà ni wọ́n ti bá a. Ohun tí káàdì yìí fi yàtọ̀ ni pé kò di dandan kí ènìyàn san gbogbo gbèsè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó lè san díẹ̀, kí ó sì máa san èlé lórí ìyókù.

Àwọn aláṣẹ báǹkì náà ti rò pé nǹkan bí 4 nínú 100 ni yóò pẹ́ kí ó tó san owó. 22 nínú 100 ni ó pẹ́. Àwọn olè jí káàdì, wọ́n sì fi orúkọ ẹlòmíràn rajà. Báǹkì náà pàdánù ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là. Nígbà tí ó di ọdún 1970, ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi káàdì àwìn ránṣẹ́ sí ẹni tí kò bèèrè rẹ̀. Síbẹ̀ káàdì náà kò kú, nítorí èrè púpọ̀ ń bẹ nínú èlé. Ní ọdún 1966, Barclaycard bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1976, BankAmericard di Visa, orúkọ tí a ń rí lára káàdì kárí ayé lónìí.

Ó yẹ kí á ya káàdì méjì sọ́tọ̀. Káàdì ATM tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò ní Nàìjíríà ń mú owó tí a ti fi pamọ́ sí báǹkì. Bí owó wa bá tán, ó tán. Ṣùgbọ́n owó báǹkì ni káàdì àwìn ń ná. Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò wò ó. Ká ní ènìyàn fi káàdì àwìn ra ọjà ₦100,000, tí èlé rẹ̀ sì jẹ́ 3 nínú 100 ní oṣooṣù. Èlé oṣù kan jẹ́ ₦3,000. Bí ó bá ń san ₦3,000 yìí ní oṣooṣù, yóò ti san ₦36,000 ní òpin ọdún, síbẹ̀ ₦100,000 yóò wà nílẹ̀ bí ó ti wà ní ọjọ́ kìíní. Bí ó bá san ₦5,000, ₦2,000 péré ni ó dín ojú owó kù ní oṣù àkọ́kọ́.

Ǹjẹ́ ẹ kò rí ìwọ̀fà níbẹ̀? ₦3,000 oṣooṣù náà ni ebè tí ó ń kọ ní oko olówó. A kì í fi ọmọ ẹni dógò nítorí káàdì lónìí, a sì dúpẹ́ fún èyí. Ṣùgbọ́n ìwọ̀fà àtijọ́ ń rí oko tí ó ń ro, ó sì mọ ìgbà tí ó lọ àti ìgbà tí ó bọ̀. Ẹni tí ó ń fi káàdì jẹ gbèsè lè máa ro oko olówó fún ọdún púpọ̀ láìmọ̀ pé òun wà ní oko.

Nítorí náà, ẹni tí yóò bá lo káàdì àwìn, kí ó fi í ra kìkì ohun tí ó ti ní owó rẹ̀ nílẹ̀, kí ó sì san gbogbo owó náà kí ọjọ́ tí báǹkì dá tó kọjá. Ọ̀pọ̀ káàdì kì í gba èlé lórí ọjà tí a bá san owó rẹ̀ tán báyìí. Kí ó má ṣe fi káàdì náà gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ, nítorí ní ti ọ̀pọ̀ káàdì, ọjọ́ náà gan-an ni èlé rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Kí ó máa ka ìwé ìṣirò tí báǹkì ń fi ránṣẹ́ ní oṣooṣù, kí ó sì fi ẹjọ́ sùn kíákíá bí ó bá rí ọjà tí òun kò rà. Ní ti nọ́ńbà àṣírí káàdì, àti nọ́ńbà tí báǹkì ń fi ránṣẹ́ sórí tẹlifóònù, kò gbọdọ̀ sọ wọ́n fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ẹni tí ó ní òun ń pè láti báǹkì. Òṣìṣẹ́ báǹkì tòótọ́ kì í bèèrè wọn.

Ológò pàápàá tún ti padà, ní aṣọ mìíràn. Ní Nàìjíríà, àwọn ayánilówó orí tẹlifóònù kan a máa wo gbogbo orúkọ tí ó wà nínú tẹlifóònù ẹni tí ó yáwó. Bí ó bá pẹ́ kí ó tó san án, wọn a kọ̀wé sí ẹbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé olè ni. Ní ọdún 2022, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń dáàbò bo oníbàárà gbé ìlànà kalẹ̀ pé kí àwọn ayánilówó bẹ́ẹ̀ forúkọ sílẹ̀. Ẹ má ṣe yáwó lọ́wọ́ ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀, ẹ má sì ṣe yá owó kan láti fi san òmíràn. Èyí dà bí ìgbà tí a fi ọmọ kejì ṣe ìwọ̀fà láti ra àkọ́kọ́ padà.

Bí gbèsè bá ti wọ ẹnìkan lọ́rùn ńkọ́? Kí ó kọ gbogbo gbèsè náà sínú ìwé kan: orúkọ olówó, iye owó, iye èlé. Kí ó dá àwìn tuntun dúró. Kí ó lọ bá àwọn olówó kí ọjọ́ tó pé, kí ó sọ òtítọ́, kí ó sì ṣe ìlérí kìkì iye tí agbára rẹ̀ ká. Kí ó fún olúkúlùkù ní èyí tí ó jẹ́ dandan, kí ó sì fi gbogbo ohun tí ó bá kù lu gbèsè tí èlé rẹ̀ pọ̀ jù lọ. Kí ó má sì fi pamọ́ fún àwọn ará ilé rẹ̀, nítorí àṣírí ni oúnjẹ tí gbèsè fi ń sanra.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹnìkan yóò nawọ́ káàdì sí yín pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́. Kí ẹ tó gbà á, ẹ rántí ọmọ tí ó di géńdé ní ilé olówó, nítorí owó tí iṣẹ́ rẹ̀ kò lè dín. Kí ẹ sì bi ara yín ní ìbéèrè kan ṣoṣo: èyí tí mo fẹ́ máa san yìí, ṣé ojú owó ni tàbí ebè ìwọ̀fà?